Ẹ Má Tíì Ra Tíkẹ́ẹ̀tì fún Ajá Yín

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá èèyàn to ìwé ajá àti ológbò tó ń lọ sílẹ̀ òkèèrè. Ó ń dùn mí bí wọ́n ṣe ń ná owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Àṣìṣe kìíní: kí á ra tíkẹ́ẹ̀tì ká tó ka òfin ibi tí à ń lọ. Ẹ ṣíwọ́ ẹ̀.

Èkejì ló ń bí mi nínú jù: kí á gún ẹran ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ká tó fi microchip, ẹ̀rọ bíńtín abẹ́ awọ tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, sí i lára. Microchip ló ń ṣáájú! Lójú òfin European Union, abẹ́rẹ́ tó bá ṣáájú rẹ̀ kò wúlò, torí kò sí ohun tó fi hàn pé ajá yìí gan-an ni wọ́n gún. Obìnrin kan kó ìwé wá bá mi, ó pé, ó mọ́ tónítóní. Mo wo ọjọ́ tí wọ́n fi microchip sí ajá rẹ̀: ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ ni. Wọ́n ní láti tún un gún. Nítorí pé ibi tó ti ń bọ̀ kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Yúróòpù fọwọ́ sí, ó dúró fún ọjọ́ 30 kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò. Èsì rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n èròjà tó ń gbógun ti dìgbòlugi nínú ẹ̀jẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dín ní 0.5 IU/ml, lẹ́yìn náà, ó ní láti dúró fún oṣù 3 gbáko láti ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ tuntun kò lè dúró dè é. Ó lọ, ajá kù sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ẹ̀yin dókítà ẹran, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀rọ ka nọ́ńbà oní-díjíìtì 15 tó wà nínú microchip yẹn kí ẹ tó mú abẹ́rẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ kọjá. Ọjọ́ kan péré, ẹ ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Jàpáánù kò gba ìkánjú: ọjọ́ 180 lẹ́yìn ìfàjẹ̀. Ajá tó bá dé ṣáájú yóò lo èyí tó kù ní àgọ́ ìsémọ́.

Oògùn aràn fún ajá tó ń lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí 24, kò gbọ́dọ̀ ju 120 lọ, kó tó wọlé.

Oògùn oorun? Rárá o. Ó lè dí èémí rẹ̀ lójú òfurufú, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú kì í sì í gbé ẹran tó bá ti lò ó.

Ní ti kéèjì, orí òòró ni kí ẹ ti wọn ajá, kí ẹ wọ̀n ọ́n dé ṣóńṣó etí. Kó lè dìde, kó lè yí padà, kó lè nà gbalaja. Èyí tó bá há, pápákọ̀ ni wọ́n ti ń dá a padà.