Ọ̀rọ̀ Lẹ́tà Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Ba Ìtọ́jú Àbúrò Mi Jẹ́

Owó ọkọ̀ tí mo ná láàárín ọsibítù méjì dùn mí ju owó ìtọ́jú fúnra rẹ̀ lọ, torí lẹ́tà kan ṣoṣo ló fà á.

Tramadol, oògùn ara ríro tó máa ń di bárakú, ni àbúrò mi ń lò. Ẹ̀yìn tó ń dùn ún ní ìdí ọjà ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù pé NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, á wá mú òun ni ò jẹ́ kó tètè sọ, oyún ti yọ kó tó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi.

Níbi tó ti ń gba ìtọ́jú aláboyún, bó ṣe dárúkọ tramadol báyìí ni nọ́ọ̀sì ti káàdì padà sí wa, ó ní ọsibítù ọpọlọ ló kàn. A débẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní yàrá ìgbẹ̀bí, ká lọ gba lẹ́tà wá lọ́dọ̀ dókítà oyún. A padà, dókítà ò sí níjokòó. Ìgbà tó yọjú, ó ní àfi kí ọkọ wá buwọ́ lùwé. Ọkọ tó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ! Inú bí mi débi pé ohùn mi ń gbọ̀n. Àbúrò mi wà lórí bẹ́ńṣì, ó ń yán ṣáá, òógùn ń bò ó, ikun ń dà nímú rẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká máa relé."

N ò lọ. Mo wá òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ọsibítù kejì rí, ó pe dókítà oyún níṣojú mi, ó gbé fóònù fún dókítà tiwọn. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀, lẹ́tà jáde lọ́jọ́ náà, èmi ni mo sì buwọ́ lùwé. Ọwọ́ ara mi! Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ o: kí dókítà bá dókítà sọ̀rọ̀.

Àwọn ará ilé ní kó já oògùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má gbà. Ìdílé oògùn kan náà ni tramadol àti codeine, ọ̀rọ̀ yìí kan méjèèjì. Bí aláboyún bá já a lójijì, oyún lè wálẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in kù. Bí ẹ ò bá mọ ibi tẹ́ ẹ máa gbà, NDLEA ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́, 080010203040, tọ̀sán-tòru, fún ìmọ̀ràn àti ìtọ́jú.

Àbúrò mi ò gbà láti sùn sọ́sibítù àfìgbà tí màmá wa wá gbé àkọ́bí rẹ̀. Ẹ tètè wá ẹni tó máa tọ́jú ọmọ.

Kí ìrọbí tó dé, a ti sọ ọ̀rọ̀ oògùn náà fún àwọn agbẹ̀bí. Ọmọ ń gbọ̀n, igbe rẹ̀ sì ń han gooro, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń retí rẹ̀: wọ́n dá a dúró sọ́sibítù, wọ́n ń ṣọ́ ọ, wọ́n ní kí ìyá máa gbé e mọ́ àyà nínú yàrá tí kò sí ariwo.