Táyà Yìnyín Kì Í Ṣe Táyà Kétu: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé

Èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ kó sí i. Mo fẹ́ máa fi ọkọ̀ kó àgbàdo àti tòmátì láti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin wa níbí. Mo dé ìdí àtẹ táyà àlòkù, mo rí mẹ́rin tí ojú wọn jin bí poro àárín ebè. Ẹni tó ń tà á ní, "Bàbá, ẹ wo ojú ẹ̀, kò tíì rìn." Kò sì purọ́. Mo sanwó, mo tún dúpẹ́. Kí àgbàdo tó tẹ̀lé e tó gbó, ojú táyà náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Poro ni mo wò, n kò wo ẹ̀gbẹ́. Àmì kékeré kan wà níbẹ̀: òkè olórí mẹ́ta, ohun kan bí ìràwọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà sì wà láàárín rẹ̀. Yìnyín ni ìràwọ̀ yẹn. Táyà tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ òtútù ni mo gbé wá sínú oòrùn.

Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa?

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù tó ń gba èbúté Kútọnù wọlé, Yúróòpù ni wọ́n ti ń bọ̀, táyà àlòkù sì ń bá wọn bọ̀. Lọ́hùn-ún, bí òtútù bá dé, yìnyín á bo ọ̀nà funfun bí òwú, ibòmíràn á sì dì gbagidi bí inú fírísà. Ní Jámánì, òfin kò gbà kí ènìyàn wa ọkọ̀ lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láìsí táyà tó yẹ. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, àmì òkè olórí mẹ́ta yẹn ni wọ́n ń béèrè. Lẹ́tà M+S (ẹrẹ̀ àti yìnyín) nìkan kò tó mọ́. Ní Austria, bí poro táyà náà bá ti dín ní mílímítà 4, òfin kò kà á sí táyà yìnyín mọ́. Ẹ wá rò ó wò: táyà tuntun kì í sábà ju mílímítà 8 tàbí 9 lọ. Èyí tó ku bíi 4, tí wọ́n ti yọ sọnù lọ́hùn-ún, ìdajì ara rẹ̀ ṣì wà. Lójú tiwa, ọjà rere ni.

Rọ́bà rẹ̀ ni kí ẹ bi, kì í ṣe poro

Bí òtútù bá ti wọ ìsàlẹ̀ 7 °C, rọ́bà táyà lásán á bẹ̀rẹ̀ sí í gan bí awọ tó gbẹ, kò ní lè di ọ̀nà mú dáadáa. Torí náà ni wọ́n ṣe po rọ́bà táyà yìnyín kó lè máa rọ̀ nínú òtútù yẹn. Wọ́n tún la ojú rẹ̀ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó kọ àbàjà. Bí táyà bá ti ń yí, àwọn ìlà yẹn á máa là, wọ́n á máa pa dé, wọ́n á sì máa bu yìnyín jẹ.

Ní Kétu ńkọ́? Ọyẹ́ wa tó mú jù kì í sún mọ́ 7 °C. Nínú oṣù kejì àti ìkẹta, afẹ́fẹ́ á gbóná dé 35, ọ̀dà ojú títì fúnra rẹ̀ lè kọjá 50. Rọ́bà tó ti rọ̀ tẹ́lẹ̀ á wá dẹ̀ sí i. Ẹ tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á pẹ́ kó tó dúró. Ẹ yà sí kọ́nà, ìdí rẹ̀ á máa mì. Ojú táyà á sì máa jẹ kíákíá. Ta ló ń da kúbùsù borí lọ roko lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn?

Bí ẹ bá dé ìdí àtẹ

Ẹ má kàn fi ẹsẹ̀ ta á. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ mú àkísà lọ́wọ́, torí wọ́n máa ń fi nǹkan dúdú pa á lára kó lè dán. Ẹ nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa, kí ẹ wá àmì òkè yẹn. Ẹ fi ojú ọwọ́ tọ àwọn poro. Bí ẹ bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣe kólokòlo lórí gbogbo ojú rẹ̀, ẹ fura. Lẹ́tà M+S nìkan kò jẹ́rìí tó: "ẹrẹ̀ àti yìnyín" ni ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì wà lára ọ̀pọ̀ táyà pikọ́ọ̀pù tó dára fún oko.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Èyí tó bá ti lé lọ́dún mẹ́wàá, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀, poro ì báà jin bí kànga. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó ṣẹ́ díẹ̀: bí ó bá ti sán wẹ́wẹ́ bí ìsàlẹ̀ odò tó gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ti gbó nìyẹn.

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Ṣebí yìnyín àti ẹrẹ̀, ọ̀kan náà ni?" Kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ gbé e dé ilẹ̀ dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ lọ́nà Issaba lẹ́yìn òjò. Ẹrẹ̀ á di gbogbo àbàjà yẹn, táyà á wá dán bí inú igbá. Táyà oko, poro rẹ̀ fẹ̀, ó sì jìnnà síra, kí ẹrẹ̀ lè máa já bọ́.

Bí táyà yìnyín bá ti wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yín, tí owó kò sì tíì sí láti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má sáré, ẹ má di ẹrù àdìjù. Ẹ má sì fi táyà yìnyín méjì síwájú kí ẹ fi táyà lásán sẹ́yìn: apá kan á di ilẹ̀ mú, èkejì á máa fò.

Bí ọmọ yín bá ń wa ọkọ̀ eléré lókè òkun

Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí pọ̀ ní agbo ilé wa. Ọmọ á fi fọ́tò ọkọ̀ pupa kan ránṣẹ́, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kún fún yìnyín. Táyà fífẹ̀ tó bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá, ti oòrùn ni. Nínú òtútù, òun ló burú jù. Ẹ sọ fún un kó pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí táyà yìnyín. Àwọn ará Jámánì máa ń sọ pé kó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ láti oṣù kẹwàá títí di Àjíǹde. Kó má gbẹ́kẹ̀ lé ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà: ìyẹn ń ràn án lọ́wọ́ láti lọ, kì í ràn án lọ́wọ́ láti dúró. Kó máa wo afẹ́fẹ́ táyà pẹ̀lú, torí ó máa ń dín bí òtútù bá ti mú.

Kó rọra fi jíà kejì gbéra. Kó jìnnà sí ẹni tó wà níwájú ju bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ìdí ọkọ̀ bá fẹ́ yọ̀, kó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tòròtù, kó tẹjú mọ́ ibi tó fẹ́ gbà, kó sì rọra darí ọkọ̀ síbẹ̀. Kó má yí sítíárìn lójijì.

Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá bọ́ sínú ẹrẹ̀ lóṣù kẹfà, bákan náà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń ṣe. Bí táyà bá ń yí lójú kan, ẹ dáwọ́ dúró. Bó ti ń yí yẹn, sàréè ló ń gbẹ́. Ẹ gé ẹ̀ka igi sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó tún gbéra jẹ́ẹ́.

Tèmi mẹ́rin yẹn ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Mo la méjì, ewúrẹ́ ń mumi nínú wọn. Alaalẹ́ ni mo ń da omi rẹ̀ nù, torí ẹ̀fọn.