Ọjọ́ Méjìdínlọ́gbọ̀n: Bí Mo Ṣe Gba Físà Akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìlọrin

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí bàbá mi kú. Ẹ̀gbọ́n wọn ló gbà mí tọ́ ní Òmù-Àrán, àwọn ló san owó ilé ìwé mi láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí mo fi jáde ní Yunifásítì Ìlọrin. Mi ò pè wọ́n ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi rí. Bàbá ni mo ń pè wọ́n. Mo fi èyí ṣáájú torí pé ibẹ̀ gan-an ni ètò físà mi ti kọ́kọ́ há.

Lóṣù kẹta ọdún 2025 ni yunifásítì kan ní ìlú Ọba, níta London, gbà mí láti wá kàwé gba másítà ọlọ́dún kan. Bàbá ta ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo, wọ́n fi tiwọn kún un, wọ́n kó gbogbo owó náà sí àkáǹtì ara wọn, wọ́n wá ní kí n gba sitétímẹ́ǹtì báńkì kí n fi ránṣẹ́ sáwọn òyìnbó. Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, títí mo fi jókòó ka òfin náà fúnra mi nínú yàrá mi ní Tánkẹ̀.

Bí kì í bá ṣe pé àjọ kan ló ń rán ọ lọ sílé ìwé, tàbí pé o yá owó ẹ̀kọ́ lọ́nà tí wọ́n fọwọ́ sí, orúkọ rẹ ni owó náà gbọ́dọ̀ wà, tàbí orúkọ òbí rẹ, tàbí ti alágbàtọ́ tí òfin mọ̀, tàbí nígbà mìíràn ti ọkọ tàbí aya rẹ. Ẹ̀gbọ́n bàbá kò sí níbẹ̀. Àǹtí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó bá ọ jẹ ọmú kan náà kò sí níbẹ̀. Alágbàtọ́ tí wọ́n sì ń wí yìí, ẹni tó ní ìwé kóòtù lọ́wọ́ ni. Ta ló ń lọ sí kóòtù ní Òmù-Àrán kó tó gba ọmọ àbúrò rẹ̀ tọ́?

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ lórí fóònù. Mo wọ ọkọ̀ lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ kì í ṣe bàbá mi."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé wọn ló wí bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Ìwé wọn ò mọ ẹni tó pọ̀n ọ́ lọ sí ọsibítù lóru?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá. Wọ́n ní kí n mú awò ojú wọn wá, wọ́n ka ojú ewé tí mo tẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ní, "Ó dáa. Orúkọ tìrẹ ni ká kó o sí." Lọ́jọ́ Ajé, a jọ lọ sí báńkì. Bàbá kọ lẹ́tà pé àwọn fún mi lówó náà, pé kì í ṣe àwìn, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì fún mi ní ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ tí a tà. Kò sí ẹni tó béèrè ìwé wọ̀nyẹn lọ́wọ́ mi títí gbogbo rẹ̀ fi parí, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀ pé wọ́n wà nínú fáìlì. Tówó ńlá bá ṣàdédé wọ àkáǹtì ọmọdé, wọ́n lè béèrè ibi tó ti wá.

Ẹnì kan ní kí n kó owó náà sí àkáǹtì ìyá mi. Òfin gbà á, pẹ̀lú ìwé ìbí mi àti lẹ́tà tí ìyá mi bá fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n èlùbọ́ ni ìyá mi ń tà, owó ọjà ń wọlé, ó ń jáde lójoojúmọ́, ẹ̀rù sì bà mí pé owó físà á bá ti èlùbọ́ lọ.

Ohun tí wọ́n ń wò ní méjì. Àkọ́kọ́ ni ìyókù owó ilé ìwé tí o kò tíì san, bó ṣe wà nínú CAS, ìyẹn ìwé tí yunifásítì fi ń jẹ́rìí pé àwọn ti gbà ọ́. Èkejì ni owó ìjẹun àti ilé fún oṣù mẹ́sàn-án. Lásìkò tí mo ṣe tèmi, £1,136 lóṣù ni fún ẹni tó ń lọ síta London, £1,483 fún ẹni tó ń lọ sí London. Tèmi jẹ́ £10,224, ó lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún náírà nígbà náà, láìtíì ka owó ilé ìwé. Wọ́n máa ń yí iye yìí padà, nítorí náà orí ìkànnì ìjọba ìlú Ọba fúnra rẹ̀ ni kí o ti wò ó, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀rẹ́ tó lọ léṣìí.

Owó náà gbọ́dọ̀ sùn sí àkáǹtì fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n gbáko, kó má dín sí iye tí wọ́n ń wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ni owó tèmi pé iye náà, ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo kọ déètì náà sára ògiri, mo ń fa ìlà lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, wọ́n pè mí láti ilé pé ìyá mi wà ní ọsibítù, wọ́n nílò 80,000 náírà kíákíá. Mo fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Alẹ́ ni mo tó rántí àkáǹtì tí mo ti yọ ọ́. Nǹkan bí 40,000 péré ni mo fi lé iye tí wọ́n ń béèrè. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún wọmi. Mo sunkún, mi ò purọ́. Ìyá mi gbádùn, ìyẹn ló tù mí nínú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ejẹ́ńtì kan sọ fún mi pé òun á fi owó ẹlòmíràn sí àkáǹtì mi, òun á sì tẹ sitétímẹ́ǹtì tó ti pé ọjọ́ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ sá fún un. Àwọn tó ń wo ìwé yìí máa ń béèrè lọ́wọ́ báńkì, bí wọ́n bá sì rí i pé ayédèrú ni, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn ìlú wọn mọ́ ọ fún ọdún mẹ́wàá. Nítorí ọjọ́ mọ́kàndínlógún?

Mo tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Abuja fi mílíọ̀nù kan àbọ̀ lé e, torí pé báńkì máa ń yọ owó tẹ́ẹ́tẹ́ẹ́, àti pé ọjọ́ tí o bá fi ìwé sílẹ̀ ni wọ́n máa fi iye náírà wé pọ́n-ùn. Bí náírà bá já wálẹ̀ láàárín oṣù náà, owó tó pé lánàá lè má pé mọ́. Mo sì kó káàdì àkáǹtì náà fún Bàbá.

Orúkọ ni wàhálà tó kù. Ẹni tó bá ti Ìlọrin tàbí agbègbè wa wá, tó ń jẹ́ Abdulraheem, á mọ ohun tí mò ń wí. Ìwé dìgírì mi kọ Abdulraheem, NIN mi kọ Abdulrahim. Orúkọ inú NIN ni pásípọ́ọ̀tù sì máa ń tẹ̀ lé. Mo ti búra ní kóòtù, mo sì ti tún NIN ṣe kí n tó lọ gba pásípọ́ọ̀tù tuntun ní Ìlọrin, olójú ewé 32, ọlọ́dún márùn-ún, 50,000 náírà nígbà náà. Bí mo bá ti fi pásípọ́ọ̀tù ṣáájú ni, ìlọ́po méjì ni ǹ bá san.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìlú Ọba ju oṣù mẹ́fà lọ láti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife. Mo gba Ogbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn lọ sí ilé ìwòsàn IOM, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri, ní Ìkẹjà l'Ékòó, wọ́n ya àwòrán àyà mi, mo sì gba ìwé ẹ̀rí tó ń ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Má dúró di ìgbà tó bá kù dẹ̀dẹ̀. Bí àwòrán ẹnì kan kò bá dá wọn lójú, wọ́n á gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀, èsì rẹ̀ sì lè gba oṣù méjì.

Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n pé ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù keje. Mo gba sitétímẹ́ǹtì lọ́jọ́ kejì rẹ̀, mo sì kọ fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kẹrìnlélógún. Ọjọ́ tí sitétímẹ́ǹtì parí sí kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ sí ọjọ́ tí o bá fi ìwé sílẹ̀. Owó físà nígbà náà jẹ́ £524, owó ìlera, èyí tí o máa san ṣáájú kí o lè lo ọsibítù ìjọba wọn, sì jẹ́ £1,164. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka ti ìlera yìí mọ́ ìnáwó wọn. £776 ni lọ́dún, ṣùgbọ́n físà másítà ọlọ́dún kan máa ń fi oṣù mẹ́rin kún un, wọ́n á sì gba ìdajì ọdún fún oṣù mẹ́rin náà. Káàdì náírà mi kò gbé e, ẹ̀gbọ́n mi ló fi káàdì tirẹ̀ san án. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo padà sí Èkó lọ tẹ ìka.

Èsì dé ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ. Wọn kò lẹ nǹkan kan mọ́ pásípọ́ọ̀tù mi, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni físà náà wà, tí wọ́n ń pè ní eVisa. Ìwọ lo máa ṣí àkáǹtì rẹ̀, wàá fi pásípọ́ọ̀tù so ó, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ bá sì fún ọ lo máa fi han ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ tàbí onílé. Bí o bá pààrọ̀ pásípọ́ọ̀tù, lọ yí i padà níbẹ̀. Wákàtí ogún péré ni mo lè fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá wà lẹ́nu iṣẹ́, mi ò sì lè dá òwò tèmi sílẹ̀. Láti ọdún 2024, akẹ́kọ̀ọ́ másítà oníkíláàsì bíi tèmi kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Tọkọtaya tó ń tà ohun ìní wọn láti jọ lọ, ẹ kọ́kọ́ ka ibẹ̀ yẹn dáadáa.

Mo fi físà náà han Bàbá lórí fóònù mi. Wọ́n béèrè ibi tí òǹtẹ̀ wà, mo ní kò sí òǹtẹ̀. Wọ́n tún wò ó, wọ́n ká awò ojú wọn sílẹ̀, wọ́n sì pe àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì àkọ́kọ́ ní yunifásítì. "Lọ́la, lọ ṣí àkáǹtì. Orúkọ tìrẹ ni kí o fi ṣí i. Kí o sì wò ó bóyá bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú NIN rẹ náà ni."