Bí a ṣe ń fi WhatsApp kún iṣẹ́ kíláàsì

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ka iye fóònù tó wà nílé àwọn ọmọ kí ẹ tó dá ẹgbẹ́ WhatsApp kankan sílẹ̀. Bí ẹ bá bi àwọn ọmọ pé, "Ta ni wọ́n ní fóònù nílé rẹ̀?" gbogbo ọwọ́ ló máa lọ sókè, ìyẹn ò sì tíì sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ bi wọ́n bí mo ṣe ń bi wọ́n: ta ló ni ín, aago mélòó lẹni náà ń wọlé, ta ló ń ra dátà sí i? Nínú kíláàsì JSS 3 tí mo ti kọ́kọ́ dán an wò n'Íbàdàn níbí, ọmọ 42 ló wà níbẹ̀, mẹ́rin péré ló ní fóònù tara wọn. Fóònù ìyá ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù ń lò, ìyá sì wà lọ́jà Bódìjà tàbí Òjé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Iṣẹ́ tí mo bá fi ránṣẹ́ lágogo méjì ọ̀sán, abẹ́ ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí àti àdúrà oríṣiríṣi ló máa sùn sí. Láti ìgbà náà, aago méje ààbọ̀ alẹ́ ni mo ń fi iṣẹ́ síbẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo sì ń fún wọn láti dá a padà, torí iná lè má wà.

Ìdí tí mo fi ń lo WhatsApp kò ju pé òun ló ti wà lórí fóònù àwọn ìyá wọ̀nyẹn lọ. Telegram dára jù ú lọ lọ́nà méjì: ọmọ lè fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́, ẹ sì lè ṣe ìdánwò kékeré tó máa máàkì ara rẹ̀. Lórí WhatsApp, gbogbo ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ ló ń rí nọ́ńbà ara wọn. Bó bá jẹ́ SS 2 lẹ̀ ń kọ́, tí àwọn ọmọ sì ní fóònù tiwọn, ẹ ro ti Telegram wò. Facebook ńkọ́? Ní tèmi, rárá. Ọmọ á wọlé nítorí iṣẹ́, fídíò ẹlẹ́rìn-ín ni yóò gbé e lọ. Ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀: ẹni tí kò tíì pé ọdún 13 kò gbọdọ̀ ṣí àkáǹtì Facebook tàbí WhatsApp fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pírámárì, àwọn òbí nìkan ni kí ẹ kó sínú ẹgbẹ́, kí wọ́n máa ka iṣẹ́ fún ọmọ.

Àṣẹ

Ẹ sọ fún pirinsípà ná. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn òbí, ìwé gidi tí wọ́n máa fọwọ́ sí, kí ó sọ ohun tí ẹgbẹ́ náà wà fún, wákàtí tí yóò máa ṣí, àti pé ẹ ò ní gbé fọ́tò tàbí ohùn ọmọ wọn jáde níbòmíì. Láti 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ara ẹni, nọ́ńbà àti fọ́tò ọmọ sì wà lára rẹ̀. Ẹ mú olùkọ́ mìíràn mọ́ra kó jẹ́ admin (alákòóso ẹgbẹ́) kejì. Èyí kì í ṣe àwàdà o: olùkọ́ tó ń bá ọmọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ lórí fóònù lágogo mẹ́wàá alẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣirò ló ń kọ́ ọ, ẹjọ́ ló ń wá.

Ṣíṣí àti títì

Dídá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Bí ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ lókè, ẹ wá "Group permissions", kí ẹ pa "Send new messages" àti "Add other members". Admin nìkan ló lè sọ̀rọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé tíṣà nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ni, a sì ti ní ìyẹn n'Íbàdàn láti 1959 tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ń wò ó, kò lè dá a lóhùn. Láti aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni mo ń ṣí tèmi, bó bá di mẹ́sàn-án, mo ti tì í.

Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣí i, wọ́n fi hàn mí pé wọ́n kọ́ wọn nílé. "Ẹ káalẹ́ sà." "Ẹ kú alẹ́ sà." "Ẹ kú iṣẹ́ sà." Kíkí tó lé ní ọgbọ̀n ni mo kà kí n tó rí ìdáhùn kan ṣoṣo. Ta ló máa bá ọmọ Yorùbá wí pé ó kí òun? Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé èmi ni mo ń kọ́kọ́ kọ ọ́ síbẹ̀: "Mo ti gba kíkí gbogbo yín, àárọ̀ ọ̀la la máa kí ara wa ní kíláàsì." Ó tán síbẹ̀.

Iṣẹ́ fúnra rẹ̀

Bó bá jẹ́ ojú ewé kan nínú ìwé ìkàwé lẹ fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ má wulẹ̀ fi dátà ìyá olóńjẹ ṣòfò, ẹ kọ ọ́ sójú pátákó. Iṣẹ́ tí kíláàsì nìkan kò lè ṣe ló yẹ kó bọ́ sórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó dùn mọ́ mi.

Mo gba ohùn sílẹ̀, ìṣẹ́jú kan péré: "Ìdí-Ìṣin, Ìdí-Arère, Ìdí-Oṣè. Àdúgbò Ìbàdàn ni gbogbo wọn, orúkọ igi ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ẹ bi àgbàlagbà kan nílé: igi wo ni wọ́n mọ àdúgbò tiyín mọ́ tẹ́lẹ̀? Ó ṣì wà níbẹ̀? Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ." Ohùn ni mo yàn, torí ohùn ìṣẹ́jú kan kò tó MB kan, fídíò ìwọ̀n kan náà á jẹ ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà púpọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìyá àgbà tí kò mọ̀wé lè fi ohùn dáhùn.

Wọ́n sì dáhùn. Nínú ọ̀kan, àkùkọ ń kọ lẹ́yìn, ìyá àgbà náà sì ń bi ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé, "Ṣé orí rédíò lẹ fẹ́ gbé mi lọ ni?" kó tó wá sọ pé wọ́n ti gé igi àwọn nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo yan ohùn mẹ́rin, mo so fóònù mọ́ sípíkà kékeré, a jọ gbọ́ ọ. Ọmọ kan béèrè ìdí tí wọn kì í fi í já ìṣin tí kò tíì là. Mo dá ìyẹn dúró fún olùkọ́ Basic Science: èso ìṣin tí kò bá tíì la ẹnu fúnra rẹ̀ lórí igi, májèlé ni, bó bá là tán, ẹran funfun tó wà nídìí kóró dúdú yẹn nìkan là ń jẹ. Bí iṣẹ́ Yorùbá ṣe di iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì nìyẹn.

Ẹ rí i pé inú kíláàsì la ti parí rẹ̀. Iṣẹ́ tí kò bá padà sí kíláàsì, ọmọ tí kò ní fóònù kò ní í mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ rárá. Mo ń so irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹnìkan tó wà ní òpópónà tiwọn, kí àwọn méjèèjì jọ ṣe é, mo sì ń kọ ìbéèrè náà sójú pátákó láàárọ̀. N kì í fún ẹnikẹ́ni ní máàkì pé ó wà lórí WhatsApp. Ohun tó sọ tàbí tó kọ ní kíláàsì ni mo ń máàkì.

Àṣìṣe tèmi

Ní táàmù àkọ́kọ́, mo ya fọ́tò iṣẹ́ ọmọ kan, bírò pupa ti gba gbogbo ojú ìwé náà, mo sì gbé e síbẹ̀ kí àwọn yòókù lè rí àṣìṣe tí kò yẹ kí wọ́n ṣe. Mo ti fi ọwọ́ bo orúkọ rẹ̀. Ta ló nílò orúkọ? Gbogbo wọn ló mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ara wọn. Ọmọ náà kò wá síléèwé fún ọjọ́ méjì, ìyá rẹ̀ ló wá bá mi, kò pariwo, ó kàn ní, "Tíṣà, ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó náà ti rí i." Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá, mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ. Láti ọjọ́ náà, àṣìṣe tí mo bá fẹ́ fi kọ́ wọn, èmi fúnra mi ni mo ń kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ mi.

Bí táàmù bá parí, ẹ fi "Export chat" kó ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fẹ́ pa mọ́ jáde, ẹ pa ohùn àti fọ́tò ọmọ tó kù lórí fóònù yín rẹ́, kí ẹ wá yọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ni kí ẹ jáde gbẹ̀yìn. Bí kò bá sí admin kankan mọ́, tí èèyàn sì ṣì kù níbẹ̀, WhatsApp á fi ọ̀kan nínú wọn jẹ admin láì bi yín, ó sì lè jẹ́ ọmọ tó máa ń fi sítíkà ránṣẹ́ lóru ni yóò bọ́ sí lọ́wọ́.