Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtàn Ìgbésí Ayé Eléré Ìdárayá Àtijọ́: Àpẹẹrẹ Norman Biggs, Ọmọ Wales

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn eléré ìdárayá tó ti kú láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kò gbọdọ̀ ti orí ìyìn bẹ̀rẹ̀. Déètì ni kí ó kọ́kọ́ wá. Norman Biggs ni mo mú ṣe àpẹẹrẹ, ọmọ Cardiff tó gbá rọ́gbì fún ilẹ̀ Wales ní ìgbà mẹ́jọ, tó sì tún gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún Glamorgan, agbègbè kan ní Wales. Ilẹ̀ Nàìjíríà wa yìí ni ó kú sí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ó sì ń dùn mí.

Ẹ kọ ọjọ́ ìbí sí òkè ìwé àti ọjọ́ ikú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wá máa to gbogbo ohun yòókù sí àárín. Ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 1870 ni wọ́n bí Biggs. Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 1908 ni ó kú, ẹni ọdún 37 péré. Déètì yìí ni ẹ ó máa fi yẹ ọ̀rọ̀ àwọn tó ti kọ̀wé ṣáájú yín wò. Bí àpẹẹrẹ, wọ́n ní fún ọjọ́ pípẹ́, kò sí ẹni tó kéré tó o lọ́jọ́ orí nígbà tó kọ́kọ́ gbá rọ́gbì fún Wales. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín: ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1888 ni ó kọ́kọ́ wọ aṣọ Wales, ní ìlú Swansea, nígbà tí wọ́n kojú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ New Zealand. Ọdún 18 àti ọjọ́ 49 ni ẹ ó rí. Ọdún 2010 ni Tom Prydie, ẹni ọdún 18 àti ọjọ́ 25, gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí òǹkọ̀wé ti sábà máa ń ṣìnà ni iye àmì tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà, nítorí òfin rọ́gbì ti yí padà léraléra. Ẹ wo ìdíje ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 1893 ní Cardiff. Òtútù ti sọ orí pápá di líle bí àpáta, débi pé wọ́n dá iná èédú káàkiri rẹ̀ lóru kí ilẹ̀ lè rọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ síwájú. Lẹ́yìn náà ni Arthur Gould, balógun Wales, gbé bọ́ọ̀lù lé ilẹ̀ lẹ́yìn ìlà àwọn alátakò lẹ́ẹ̀mejì, tí Biggs náà sì gbé e lé ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí Billy Bancroft, ọmọ ẹgbẹ́ Wales, tó fi ẹsẹ̀ gbá èyí tó parí ọ̀rọ̀ wọlé. Wales fi àmì 12 sí 11 borí. Ọdún yẹn náà ni Wales kọ́kọ́ na Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland àti Ireland pọ̀ ní sáà kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi òṣùwọ̀n òde òní wọn ìdíje yẹn. Àmì 2 ni gbígbé bọ́ọ̀lù lé ilẹ̀ nígbà náà. 5 ni lónìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Wales ṣe é, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin. Tí a bá ka gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú àwọn àmì tí wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá wọlé, bí wọ́n ṣe ń kà á lóde òní, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ì bá fi 22 sí 20 borí! Nítorí náà, òfin ìgbà ayé ẹni náà ni kí ẹ máa lò, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ fún òǹkàwé.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ ìdílé pẹ̀lú. Selwyn, àbúrò rẹ̀, gbá rọ́gbì fún Cardiff àti Wales bákan náà, torí náà “Biggs” lásán nínú ìwé ìròyìn kò tó láti gbára lé. Ẹ wá lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ, N. W., tàbí kí ẹ wo ipò tó wà: etí pápá ni Norman máa ń sáré sí, Selwyn sì wà láàárín, nítòsí àwọn agbábọ́ọ̀lù iwájú tó ń ti ara wọn. Ilé ìkàwé ìjọba Wales ní Aberystwyth ti gbé àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lè ti ilé yín kà wọ́n.

Má jẹ́ kí ìtàn náà parí sórí pápá. Biggs jagun ní Gúúsù Áfíríkà nígbà ogun àwọn Boer, ìyẹn àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun ibẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó wá ṣe ọlọ́pàá lábẹ́ ìjọba amúnisìn ní Àríwá Nàìjíríà, níbi tí ọfà olóró ti pa á ní Sakaba. Apá ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sùúrù kọ jù. Ní 1908, Àríwá àti Gúúsù kò tíì di ọ̀kan, 1914 ni wọ́n so wọ́n pọ̀. Ọdún márùn-ún péré sì ni ó ti kọjá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ogun gba Kánò àti Sókótó. Àwọn tó ta ọfà náà ní ilẹ̀ tí wọ́n ń dáàbò bò. Bí ìwé ìròyìn òkè òkun bá fún wọn ní orúkọ ẹ̀gàn, ẹ má gbé e wọ inú iṣẹ́ yín. Ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà ní Kàdúná ni ẹ ti lè wá ìwé ìjọba Àríwá ìgbà náà. Tí ẹ bá sì dé ibi ikú rẹ̀, ẹ má kọ ọ́ pé “ibì kan ní Áfíríkà”. Ẹ dárúkọ Sakaba, kí ẹ sì sọ pé ìpínlẹ̀ Kebbi ni ó wà lónìí.