Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Kó Ọmọ Kúrò ní Òṣogbo Lọ sí Ìlú Ọba, Ọ̀rọ̀ Omi Rèé

Ní ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, kànga wà láàárín àgbàlá. Bí ọmọ ìrákòrò bá yà sọ́nà ibẹ̀, ojú bíi mẹ́fà ti rí i: ìyá àgbà tó ń ṣa ẹ̀wà, ìyàwó ilé tó ń fọṣọ, àwọn ọmọ tó ń ti ilé-kéú bọ̀. Nígbà tí àbúrò mi obìnrin ń di ẹrù láti kó ọmọ méjì tọ ọkọ rẹ̀ lọ sí England, mo sọ fún un pé kò sí ojú mẹ́fà lọ́hùn-ún. Ìwọ nìkan ni, ọmọ, àti ọpọ́n ìwẹ̀.

Ọpọ́n ìwẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù, kì í ṣe òkun. Omi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ lè pa ọmọ ọwọ́. Ọmọ tó ń rì kì í sábà ké, ṣe ló máa ń dákẹ́. Bí fóònù bá dún láti Òṣogbo, ẹ jẹ́ kó máa dún. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé ọmọ, kí ẹ gbé e dání lọ. Ẹ má fi ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún ṣọ́ ọ. Àga oníke tí wọ́n ń tà fún ìwẹ̀ ọmọ, ìrọ̀rùn apá yín ló wà fún, kì í gba ọmọ là. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ dà, kí gbígbóná tẹ̀ lé e, kí ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ dán an wò. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní health visitor yóò wá bá yín nílé. Ẹ má sá fún un, kì í ṣe ọlọ́pàá. Ẹ bi í ní gbogbo èyí.

Ìlúwẹ̀ẹ́ wà nínú ètò ẹ̀kọ́ ìjọba níbẹ̀. Kí ọmọ tó parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n fẹ́ kó lè lúwẹ̀ẹ́ dé mítà 25 ó kéré tán, kó sì mọ bí a ṣe ń gba ara ẹni là nínú omi. Ilé-ìwé lè bẹ̀ yín fún owó díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè yọ ọmọ sílẹ̀ torí pé ẹ ò san án. Àwọn èèyàn wa kan máa ń kọ lẹ́tà pé kí wọ́n yọ ọmọ àwọn, nítorí irun tàbí nítorí aṣọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ọ̀pọ̀ púùlù gba aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó bo apá àti ẹsẹ̀. Èmi tí mo dàgbà sẹ́bàá Ọ̀ṣun, tí mò ń tẹ̀ lé arugbá lọ sódò ní oṣù Ògọ́ọ̀sì, n kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́ títí dòní. Kẹ́ẹ̀gì la fi ń gba omi rẹ̀, a kì í kó sínú ẹ̀.

Ní púùlù gbogboogbò, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 sábà gbọ́dọ̀ ní àgbà tí yóò bá a wọ inú omi. Ẹ̀ṣọ́ tó jókòó sórí àga gíga yẹn kì í ṣe olùtọ́jú ọmọ yín.

Létí òkun, àárín àsíá méjì tó pupa tó sì ní yẹ́lò ni kí ẹ ti wẹ̀. Pupa nìkan, ẹ má wọ̀ ọ́. Bí oòrùn bá tilẹ̀ mú, omi adágún ṣì lè tutù débi pé èémí yóò gé mọ́ni lọ́fun. Ẹ kọ́ ọmọ pé bó bá já sómi, kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó gbé orí sẹ́yìn, kó léfòó títí èémí rẹ̀ yóò fi balẹ̀.

Bí ọmọ ẹlòmíì bá ń rì, ẹ má bẹ́ sómi tẹ̀ lé e. Ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì wọn: létí òkun, ẹ béèrè Coastguard, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ etí òkun; lódò tàbí ní adágún, ẹ béèrè panápaná. Ìyá wa rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́: “Panápaná? Ṣé omi ń jó ni?” Àwọn ló ní okùn àti ọkọ̀. Bí wọ́n bá gbé ọmọ jáde tí kò mí, èémí márùn-ún la kọ́kọ́ ń fẹ́ sí i lẹ́nu kí a tó tẹ àyà. Ẹni tó gbé fóònù ní 999 yóò máa júwe rẹ̀ fún yín.

Àbúrò mi pè mí ní Sátidé. Mo gbọ́ tí omi ń dún, mo bi í léèrè ohun tó ń ṣe. Ó ní òun ń wẹ̀ fún ọmọ.

Mo pa fóònù.