Bí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ṣe lè gbádùn ìsinmi gígùn láì ná owó rẹpẹtẹ

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀sáàmù, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ bó ṣe máa ń rí, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oorun ni, ọ̀sẹ̀ kejì fóònù ni, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta ilé ti sú èèyàn, Màámí ti ń kùn pé ṣé bó o ṣe máa jókòó síbẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ owó tẹ́ ẹ máa fi jáde ò sí lápò. Owó kékeré lè gbé ìsinmi yìí dáadáa, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ pín in kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, torí owó kékeré tí ò ní iṣẹ́ kan pàtó, súyà àti dátà ló máa gbé e jẹ.

Ìkínní: ẹ ka ọjọ́, ẹ ka owó

Ẹ béèrè ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wọlé padà, kẹ́ ẹ wá ka iye ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín. Ní Nàìjíríà wa yìí ọjọ́ yẹn lè yẹ̀ o, ní 2022 àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ gbáko, torí náà ẹ ṣètò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, tó bá lé, èrè ni. Ká ní 30,000 náírà ló wà lọ́wọ́ yín. Ẹ yọ 10,000 sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́, 15,000 fún ìrìn àjò kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ fi 5,000 tó kù pamọ́ torí ohun tójú ò rí tẹ́lẹ̀. Bówó bá kéré sí i, ẹ dín gbogbo ẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ẹ má da owó ìrìn àjò pọ̀ mọ́ tiṣẹ́.

Ìkejì: ẹ lọ bá Màmá Àgbà

Èyí lowó ẹ̀ kéré jù, òun náà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀. Tí Màmá Àgbà tàbí Bàbá Àgbà bá ṣì wà láyé, ẹ lọ lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ́dọ̀ wọn, owó ọkọ̀ nìkan lẹ máa ná torí kò sí ìyá àgbà tó máa jẹ́ kẹ́bi pa ọmọọmọ ẹ̀. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo ṣá, ẹ ra búrẹ́dì Àgége àti ṣúgà dání. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ fún wọn ní ọjọ́ méjì kí wọ́n fi wò yín dáadáa, kẹ́ ẹ fa omi, kẹ́ ẹ gbálẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé wọn lọ sóko tàbí ọjà. Nígbà tó bá wá di alẹ́, tẹ́ ẹ ti jẹun tán, ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ki oríkì yín. Ẹ ti tan ohun tó ń gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù yín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sún un mọ́ wọn, ẹ má sì dá wọn dúró láàárín, ọ̀rọ̀ tí ò bá yé yín ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ó bi wọ́n láàárọ̀. Ẹ bi wọ́n ibi tí bàbá wọn ti wá kó tó tẹ̀dó síbẹ̀, ẹ bi wọ́n orúkọ àwọn èèyàn tó wà nínú fọ́tò àtijọ́ tó wà lára ògiri. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín lórí WhatsApp, torí fóònù lè sọnù. Èmi gba oríkì ìyá bàbá mi sílẹ̀ báyìí, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n lọ. Ohùn yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè fowó dá iye tó jẹ́ sí mi.

Ìkẹta: ẹ kọ́ nǹkan kan tí ọwọ́ ń ṣe

Ẹ wo àdúgbò yín, ta ló ń ránṣọ, ta ló ń dirun, ta ló ń wé gèlè, ta ló ń tún fóònù ṣe? Ẹ jẹ́ kí òbí yín bá yín débẹ̀, ọ̀gá máa ń fojú tó dáa wo ọmọ tí òbí ẹ̀ mú wá. Ẹ sọ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ fẹ́ lò, iṣẹ́ kan pàtó lẹ fẹ́ mọ̀, bóyá ṣòkòtò rírán tàbí oríṣi irun dídì kan, kí wọ́n má bàa rò pé ẹ wá gba fíríìdọ̀mù. Ọ̀pọ̀ ni ò ní gba owó ńlá lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ bá ń tètè dé tẹ́ ẹ sì ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Tó bá jẹ́ Abẹ́òkúta lẹ wà, àdìrẹ ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́. Ẹ lọ sí Ìtòkú, ẹ rìn láàárín àwọn ìyá tó ń tà á, kẹ́ ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń pa á láró. Àdìrẹ oníko ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, dídì ni wọ́n ń di aṣọ ẹ̀ kí aró má bàa wọ ibi tí wọ́n dì, ó rọrùn ju ẹlẹ́kọ lọ. Ẹlẹ́kọ ń fẹ́ ọwọ́ tó dúró, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ, ìyẹn lẹ́ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí aró wọlé, sára aṣọ.

Ìkẹrin: ìrìn àjò kan, ẹ má dá nìkan lọ

Ẹ kó ara yín jọ, ẹ̀yin mẹ́rin tàbí márùn-ún, kẹ́ ẹ dáwó. Tó bá jẹ́ Èkó lẹ wà, ẹ wọ rélùwéè lọ sÍbàdàn. Àtọdún 2021 ló ti ń gbérò, ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson tó wà ní Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta lẹ ti máa wọ̀ ọ́, tíkẹ́ẹ̀tì tówó ẹ̀ kéré jù ni kẹ́ ẹ rà, ibi kan náà ni gbogbo yín ń lọ. Ẹ rà á ṣáájú, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Mọ́níyà ló máa já yín sí, ibẹ̀ jìnnà sígboro díẹ̀, torí náà ẹ fi owó máíkírà, ìyẹn takisí Ìbàdàn, sínú ìṣirò yín.

Ní Ìbàdàn, ẹ lọ sí Òkè Àrẹ̀, ẹ gun ilé ìṣọ́ Bower tí wọ́n kọ́ ní 1936, kẹ́ ẹ rí òrùlé ìlú náà bó ṣe pupa lọ súà. Gbọ̀ngàn Mápó ò jìnnà síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lọ wo ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, kẹ́ ẹ jẹ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú kẹ́ ẹ tó padà.

Àwọn tó wà lápá Ọ̀ṣun ní tiwọn. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wà nínú ohun tí UNESCO kà sí ogún àgbáyé láti 2005, àwọn ère ńlá tí Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger) àtàwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà ṣe sínú ẹ̀ tó ohun téèyàn ń fi gbogbo ọ̀sán wò. Oṣù kẹjọ lọdún Ọ̀ṣun, ó dùn, àmọ́ èrò pọ̀, ọkọ̀ sì máa ń wọ́n, tówó ò bá pọ̀ ẹ lọ lọ́sẹ̀ mìíràn. Tó bá jẹ́ omi tó ń já láti orí òkè ní Erin-Ìjẹ̀ṣà lẹ fẹ́ lọ wò, ẹ má wọ sílípáàsì o, òkúta ibẹ̀ ń yọ̀ lásìkò òjò.

Oúnjẹ ló ń jẹ owó jù lójú ọ̀nà, torí náà ẹ se jọ̀lọ́ọ̀fù láti ilé, kẹ́ ẹ gbé omi dání. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa di owó àjọná mú, kó máa kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ná sílẹ̀. Owó ọkọ̀ ìpadà, ẹ fún ẹlòmíì pé kó fi sápò ọ̀tọ̀, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi wọ ọkọ̀ padà sílé.